Bí A Ṣe Ń Sọ Ẹrù Ọdún Líle Kalẹ̀: Ohun Tí Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin Kọ́ Mi

Lẹ́yìn tí ọdún bá ti yí tán ni àwọn tí ọdún le fún sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọdún tó le bá ń lọ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ráyè ṣàìsàn. Owó ilé-ìwé ń bẹ níwájú, owó ilé ń bẹ lẹ́yìn, onítọ̀hún á kàn di àmùrè rẹ̀ le, á máa lọ. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀ díẹ̀ ni ara máa ń wá béèrè gbèsè tirẹ̀. Ẹni tó bá sì jókòó síwájú wa kì í sọ pé ọdún tó kọjá ló ń dun òun. Ohun tó ń sọ ni pé orí òun ń gbóná, ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Àyà òun ń já láìrí ohun tó já a. Òun á sùn lọ fọnfọn, tó bá di aago méjì òru ojú á là rekete, ó di àfẹ̀mọ́jú. Bí ẹ bá tú ọ̀rá oògùn rẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ó ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì, wọ́n sì ti fún un lábẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù ní kẹ́míìsì àdúgbò.

Mi ò sọ pé kò sí ibà o. Ẹ̀fọn ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó gbé oògùn mì, bí àyẹ̀wò bá sì ní kò sí ibà, ẹ gbà á gbọ́. Kí wọ́n wo ìfúnpá yín, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ yín tó, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn gẹ̀gẹ̀ lè mú kí àyà máa já kó sì máa rẹni, bíi pé ìrònú ló fà á. Tí gbogbo ìyẹn bá mọ́, ó kù ká wo ọdún tó kọjá lójú.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń di àwọn èèyàn lọ́wọ́ ni pé a ti yin àmúmọ́ra jù. Ọkùnrin kì í sunkún, ìyá ọmọ kì í jẹ́ kó hàn. Àmọ́ ẹ lọ dúró ní ọjà Ìpàtà, kí ẹ wo àwọn aláàárù. Ọrùn líle nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ru àpò. Wọ́n ní òṣùká. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n á ti sọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé e. Ẹnìkan ló bá wọn gbé e rù, ẹnìkan ló sì máa bá wọn sọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbé àpò ìrẹsì karí lásán, tó ní òun á rù ú délé láìdúró, a kì í pè é ní akínkanjú. A máa ń béèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Àmọ́ tó bá kan ẹrù ọkàn, ẹni yẹn gan-an la máa ń yìn. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nísàlẹ̀ yìí, òṣùká ni, tàbí ibi ìsọ̀kalẹ̀, tàbí ẹni tó ń báni sọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòroó yé. Nǹkan kékeré kan jókòó lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, òun ló ń tú èròjà tí wọ́n ń pè ní adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀: ọkàn á sáré, èémí á wá sókè àyà, ẹ̀jẹ̀ á fi ikùn sílẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀. Ó dára púpọ̀ bí ejò bá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ejò á lọ, ara á rọ̀. Gbèsè ni kì í lọ. Fóònù á dún, àyà á já. Wọ́n á kan géètì, àyà á já. Jẹnẹrétọ̀ tí a tàn fún wákàtí méjì kò ní wàhálà. Èyí tí a kò pa láti oṣù Kẹta dé oṣù Kejìlá, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣe é. Ibẹ̀ ni ìfúnpá tó lọ sókè, inú tó ń ta, nǹkan oṣù tó ń fò, ìgbàgbé àti ìbínú òjijì ti ń wá.

Ní ọdún 1967, oníṣègùn ọpọlọ méjì ní Amẹ́ríkà, Thomas Holmes àti Richard Rahe, to ìṣẹ̀lẹ̀ 43 sínú ìwé kan, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n. Ikú ọkọ tàbí aya ló wúwo jù lọ, 100. Ìkọ̀sílẹ̀ gba 73, ikú ẹbí tó súnmọ́ni gba 63. Ibi tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ìgbéyàwó, tí gbogbo ayé ń jó sí, gba 50. Ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ gba 45. Ìdùnnú náà ń gba agbára. Ìwé yẹn kò mọ Ìlọrin, kò mọ ohun tí owó epo dà lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sì mọ owó tí wòlímọ̀ ọmọ ń ná ni. Nítorí náà, mi ò fi í ṣe ìdájọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n mú ìwé ọmọ ilé-ìwé kan, kí wọ́n kọ oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá sápá kan, kí wọ́n wá kọ ohun tó dé lóṣù kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀, ti ìbànújẹ́ àti ti ayọ̀: ìsìnkú, yìgì, kíkó kúrò nílé, ọmọ tó wọ yunifásítì, iṣẹ́ tó bọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ń pe ara wọn ní ọ̀lẹ, nígbà tí wọ́n bá wo ojú ìwé yẹn, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á ní, "Háà, gbogbo èyí?" Iṣẹ́ tí ìwé náà ń ṣe nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oorun ni mo máa ń kọ́kọ́ tún ṣe, kí n tó dárúkọ nǹkan mìíràn, torí ẹni tí kò sùn kò lè ronú tọ́, kò lè fetí sílẹ̀, kò sì lè dárí ji ẹnikẹ́ni. Àgbàlagbà nílò wákàtí 7 ó kéré tán. Ibi tí àṣìṣe wà ni pé gbogbo èèyàn ló ń fi agídí wá oorun, oorun kò sì gba agídí. Aago jíjí ni kí ẹ mú lágídí. Ìlọrin ti fún wa ní aago yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́: ìpè Àsùbáà. Ẹni tó bá ń jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú, tí kò sì padà sùn lẹ́yìn ìrun, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á ni ín lára. Wọ́n sábà máa ń jáwọ́ lọ́jọ́ kẹrin. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ rẹjú lọ́sàn-án, kó má ju 30 ìṣẹ́jú lọ, kó sì ti parí kí aago mẹ́ta tó lù.

Obì, kọfí, Lípítọ́ọ̀nù àti ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára, káfíìnì ló wà nínú gbogbo wọn. Ó ń gba nǹkan bí wákàtí 5 kí ìdajì káfíìnì tó kúrò lára. Obì tí ẹ jẹ níbi yìgì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì ń rìn nínú yín ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ láàárọ̀ bí ẹ bá máa jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ tí oorun kò wá láàárín bí 20 ìṣẹ́jú (ẹ má wo aago, ẹ fọkàn díwọ̀n rẹ̀), ẹ dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ lọ jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, kí iná má mọ́lẹ̀ jù, kí ẹ fi ọwọ́ ṣe nǹkan tí kò ládùn: ẹ bó ẹ̀gúsí, ẹ ká aṣọ. Tí ojú bá wá ń kún, ẹ padà. Bó bá tún kọ̀, ẹ tún dìde. Ó dà bí ìyà, àmọ́ ìdí rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ti ń ronú lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ti di àga ìrònú. Ara ti kọ́ ọ pé ibẹ̀ la ti ń ka gbèsè. Ẹ ní láti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Fóònù kò gbọ́dọ̀ bá yín lọ sórí ẹní yẹn. Ooru oṣù Kẹta tún wà níbẹ̀, tí iná ò sì sí. Ara gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kí oorun tó wọ̀ ọ́. Ẹ wẹ̀ ní bíi wákàtí kan sí méjì ṣáájú oorun, kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má tutù nini, ẹ tẹ́ ẹní sórí sìmẹ́ńtì bí fóòmù bá ń gbóná, kí nẹ́ẹ̀tì sì wà lójú fèrèsé.

Oògùn oorun ni mo máa ń bínú sí jù. Diazepam àti bromazepam ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ọwọ́ dókítà ló yẹ kí wọ́n ti wá, fún ọjọ́ díẹ̀. Kì í sábà yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ṣùgbọ́n ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń tà á fún yín, bíi súìtì. Lóṣù kan, ẹyọ kan kò tó mọ́, ó di méjì. Ẹni tó bá ti lò ó fún oṣù púpọ̀ tó wá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ mi yìí, tó bínú kó gbogbo rẹ̀ dànù lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì pàápàá lè mú un. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ kó o lọ bá dókítà, á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Paraga kò yàtọ̀ púpọ̀: á mú yín sùn, á sì tún jí yín ní aago mẹ́ta.

Èémí ni ó tẹ̀lé e, torí pé ó wà lọ́wọ́, kò sì gba owó. Ẹ jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ òsì lé ikùn, lókè ìdodo. Ẹ fa èémí wọlé láti imú, kí ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin lọ́kàn. Ikùn ni kó gbé ọwọ́ yẹn sókè, kì í ṣe èjìká. Ẹ wá jẹ́ kó jáde láti ẹnu, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ẹ kà á dé ẹ̀fà. Ìṣẹ́jú àáyá 10 nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi mú tẹ̀sùbáà. Èémí kan, ẹyọ kan. Tí ẹ bá rìn dé òpin ẹyọ 33 àkọ́kọ́, kí ọwọ́ tó kan àmì, ìṣẹ́jú 5 ààbọ̀ ti kọjá, kò sì sí aago tí ẹ wò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe síkírì rẹ̀ lórí èémí yẹn, kó ṣe é, kó má kàn sáré kà á bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Onígbàgbọ́ lè fi oríkèé ìka kà á, kó mú ẹsẹ Sáàmù kan dání.

Èémí tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Iṣan kan ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ gba ọrùn dé ọkàn àti ikùn. Bí èémí bá ń jáde lọ́ra, iṣan yẹn á sọ fún ọkàn pé kó rọra. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé àwọn èèyàn á fa èémí ńlá, bíi pé wọ́n fẹ́ wọ inú odò. Orí á fò wọ́n, ìka ọwọ́ á máa ṣe wọ́n wìnnìwìnnì, wọ́n á ní àìsàn tún ti dé. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide ni wọ́n tú jáde jù. Ẹ dín èémí náà kù, kó rí bí ti ẹni tó ń sùn. Àṣìṣe kejì ni kí ẹ dúró di ìgbà tí àyà bá já kí ẹ tó gbìyànjú rẹ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́, nígbà tí nǹkan kan ò ṣe yín, ni kí ẹ ti máa ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ìjayà bá wá dé, ara ti mọ̀ ọ́n.

Rírìn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fi lélẹ̀ ni 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ìyẹn 30 ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ lè máa sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kí ẹ má lè kọrin. Ẹ ṣe é kí oòrùn tó mú. Ẹni tó ń roko kò nílò ìwàásù yìí.

Ọ̀rọ̀ ìrònú fúnra rẹ̀ ló kàn. Ní Zimbabwe, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan lédè Shona, kufungisisa, tó túmọ̀ sí kí èèyàn máa ronú jù. Àwa náà a máa ń sọ pé ìrònú ló ń pa lágbájá. Ní ọdún 2006, dókítà kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda kó àwọn ìyá àgbà 14 jọ ní ìlú Harare, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń báni tú ìṣòro palẹ̀, wọ́n sì gbé bẹ́ǹṣì síta níwájú ilé ìwòsàn. Ẹni tí ìrònú ń dà láàmú á lọ jókòó ti ìyá àgbà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn ti yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn oṣù 6. Inú mi dùn sí èyí gan-an, torí ìyá àgbà kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é: wọn kì í gbani nímọ̀ràn, wọ́n á ní kí ẹ to ìṣòro yín sílẹ̀, kí ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ fúnra yín wá ohun tí ẹ lè ṣe sí i, kí ẹ dá ọjọ́, kí ẹ padà wá jábọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Ká ní obìnrin kan ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Ó jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ₦180,000, ó jẹ ìyá tó ń kó èlùbọ́ fún un ní ₦60,000, owó ilé-ìwé ọmọ tó kù ₦45,000, ó sì yá ₦25,000 lórí fóònù. Nínú orí rẹ̀, gbèsè yìí kò lóǹkà. Nínú ìwé, ₦310,000 ni, kò lé, kò dín. Ìyẹn nìkan ti tó òṣùká. Ó wù ú láti kọjú sí ₦180,000 torí òun ló tóbi jù, àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe sì nìyẹn. Èyí tó kéré jù ló ń bí ọmọ lójoojúmọ́, òun náà ni wọ́n fi ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ láti dójú tì í. Òun ni kó kọ́kọ́ pa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní alága, alága sì ní ilé: kó lọ bá a kí ọjọ́ tó pé, kó mú iye tó lè san dání. Ẹni tó wá fúnra rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n wá nílé, ojú kan náà kọ́ ni wọ́n fi ń wò wọ́n.

Ìgbésẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. "Kí àbúrò mi fi owó ránṣẹ́" kì í ṣe ìgbésẹ̀, àdúrà ni. "Màá pe àbúrò mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn Ìṣáì" ni ìgbésẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ kọ aago sí i. Ọ̀kan péré lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó bá kọ mẹ́jọ kò ní ṣe méjì. Ẹ má yá owó mìíràn san èyí. Kí ẹ má sì kọ ìwé yìí lóru, torí gbogbo nǹkan ló burú lóru. Ẹ dá aago kan fún ìrònú, bíi 20 ìṣẹ́jú ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Bí èrò kan bá jí yín ní aago méjì òru, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré sórí bébà, "owó ilé", kí ẹ sọ fún un pé ó di aago márùn-ún. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó bá pa àdéhùn aago márùn-ún yẹn mọ́. Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Ẹni tó ń báni sọ ẹrù kalẹ̀ ńkọ́? Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Emmy Werner tẹ̀lé àwọn ọmọ 698 tí wọ́n bí ní ọdún 1955 títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn tí ìṣẹ́ àti ìdàrúdàpọ̀ ilé yí ká láti kékeré, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ṣì yọrí sí èèyàn gidi. Ohun kan tó hàn léraléra láàárín wọn ni pé wọ́n ní ó kéré tán àgbàlagbà kan tó dúró tì wọ́n. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà, ó lè jẹ́ tíṣà. Ẹnìkan. Agboolé Ìlọrin kún fọ́fọ́, síbẹ̀ ẹnìkan yìí máa ń wọ́n, torí ìbẹ̀rù pé ọ̀tá á gbọ́, á yọ̀. Mi ò ní kí ẹ lọ sọ ọ́ ní àsàlátù níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni kan tí kì í gbé ọ̀rọ̀ kiri ti tó.

Tí ẹni náà bá sì jẹ́ ẹ̀yin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára sọ pé "Ẹ ṣe sùúrù, Ọlọ́run á ṣe é." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ni ẹ fi tì. Onítọ̀hún á ní "Àmín", á dìde. "Ti àwọn kan burú ju tìẹ lọ" tún burú jù. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: "Ẹ ní láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ ni ẹ ò ti fẹ́ rí èèyàn?" Ẹ wá béèrè ohun tó fẹ́ kí ẹ bá òun ṣe. Nígbà mìíràn kì í ju kí ẹ bá a mú ọmọ ní ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ lè gbàdúrà lẹ́yìn náà, àdúrà yẹn á ní ohun tó ń tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti gúúsù Kwara wá yàtọ̀ sí ti gbèsè. Láti ìgbà tí ìjínigbé ti gbilẹ̀ ní ìhà Ìfẹ́lódùn àti Èkìtì ti Kwara, àti lẹ́yìn ìkọlù tó wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ti fi oko sílẹ̀ lọ bá ẹbí ní ìlú mìíràn. Ẹ má fipá mú wọn ròyìn ohun tí wọ́n rí. Èrò àtijọ́ ni pé kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kejì kó lè kúrò níkùn. Àjọ ìlera àgbáyé kò gbani níyànjú rẹ̀ mọ́, ó lè mú kó burú sí i. Ibi tó láàbò, oúnjẹ, omi, fóònù láti pe ẹbí, ẹni tó jókòó tì wọ́n: ìyẹn ló kọ́kọ́ yẹ. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ gbọ́. Bó bá dákẹ́, ẹ bá a dákẹ́. Àlá búburú àti ìjayà bí ọ̀kadà bá dún lójijì kì í ṣe wèrè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó máa ń dínkù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bó bá lé ní oṣù kan tí kò dínkù, ilé ìwòsàn ni. Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú ìtọ̀lé lè padà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀, á sì máa rọ̀ mọ́ aṣọ ìyá rẹ̀. Ẹ má nà án. Ẹ dá aago oúnjẹ, ilé-ìwé àti oorun rẹ̀ padà bó ṣe wà, kí ẹ sì gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó ń fi fídíò ìkọlù hàn án.

Ìgbà wo ni òṣùká kò tó mọ́? Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, ìbéèrè 9 lórí ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá: bóyá nǹkan tó ń wù yín tẹ́lẹ̀ kò wù yín mọ́, bóyá ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì, oorun, àárẹ̀, oúnjẹ, kí ẹ máa rí ara yín bí ẹni tí kò wúlò, kí ọkàn má lè dúró sójú kan, kí ara máa falẹ̀ tàbí kó má lè jókòó jẹ́ẹ́, àti èrò pé ikú sàn. Òdo sí 3 ni ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 27. Tó bá ti tó 10, ẹ lọ rí dókítà. Èyí tó kẹ́yìn nínú mẹ́sàn-án yẹn kì í dúró de àròpọ̀ o. Òun nìkan ti tó láti lọ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá fura pé ẹnìkan ń rò ó, ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín?" Ìbéèrè kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn, ó sábà máa ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ẹnìkan ti rí òun. Ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn èkúté kúrò nínú ilé, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn.

Alfa àti pásítọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń lọ bá, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ní ọdún 1954 ni oníṣègùn ọpọlọ kan, Thomas Adeoye Lambo, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Méjèèjì lè rìn pọ̀. Ohun tí mi ò gbà ni kí wọ́n ní kí aláìsàn sọ oògùn ilé ìwòsàn nù, tàbí kí wọ́n na ẹnikẹ́ni, tàbí kí wọ́n dè é.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe oògùn orí fífọ́. Ó ń gba bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kó tó hàn, àmọ́ inú rírú àti ẹnu gbígbẹ lè dé lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń jáwọ́ lọ́jọ́ kẹwàá, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Bí ara bá sì yá, wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ lò ó sí i fún bí oṣù 6, kó má bàa padà. Dókítà ló ń sọ ìgbà tí ẹ máa dá a dúró.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín. Wọ́n lè kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà lọ́nà Jẹ́bà àtijọ́, tàbí èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún àìsàn ọpọlọ ní Bùdó-Ẹ̀gbá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gba ẹni tuntun. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ti lò sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo àti èyí tí ẹ rà lẹ́yọ, ẹ mú ìwé oṣù méjìlá yẹn dání, kí ẹnìkan sì bá yín lọ. Kí ẹni tó bá yín lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó má dáhùn ìbéèrè dókítà fún yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń rìn káàkiri ilé ní aago méjì òru, kó sọ ìyẹn.